Nọ́ńbà ti gòkè, ọwọ́ ṣì wúwo: ìbéèrè nípa frame generation lórí kọ̀ǹpútà géèmù àfọwọ́mú

Ará Asẹ̀rò:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta àti gbogbo ẹ̀yin tí a jọ wà níbí. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra ROG Ally tòkunbọ̀ kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà géèmù àfọwọ́mú ti ASUS, èyí tó ní ọpọlọ AMD tó ń jẹ́ Ryzen Z1 Extreme, mo sì ń gbádùn rẹ̀ títí di ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo frame generation, ìyẹn ètò tó máa ń dá fírémù tuntun sí àárín àwọn fírémù tí géèmù fúnra rẹ̀ ya. Ohun tó ń rú mi lójú nìyí. Mo ṣí Cyberpunk 2077, mo rí i pé fírémù 28 sí 32 ló ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tan frame generation ti FSR 3, ètò AMD tó wà nínú géèmù náà, nọ́ńbà tó wà ní igun òkè sì fò dé 54. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo wa ọkọ̀ jáde sí títì, tí mo tẹ stíkì sí ọ̀tún láti yẹra fún ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ tèmi kọ́kọ́ ń lọ tààrà bí ẹni tí kò gbọ́, kó tó wá yà, mo sì ti fi imú rẹ̀ gbá ògiri. Mo pa ètò náà, nọ́ńbà padà sí 30, ọkọ̀ sì tún gbọ́ràn sí mi lẹ́nu díẹ̀ sí i. Báwo ni ohun tó ń dán lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ṣe lè wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́wọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ní kí n lọ ra kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì, nítorí pé iná tí à ń rí ládùúgbò wa kò ní jẹ́ kí n lò ó. Èyí tí mo lè fi bátìrì ṣeré lálẹ́ ni mo wá.

Àgbà Ìtòkú:

Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Ojú rẹ kò tàn ọ́, ọwọ́ rẹ náà kò sì purọ́. Nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń jẹ́rìí sí.

Ìdílé aláró ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà adìrẹ ni n ó fi ṣàlàyé. Bí ìyá àgbà bá ń ya adìrẹ ẹlẹ́kọ, òun fúnra rẹ̀ lè ki ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ, kó ya àmì àkọ́kọ́, kó fo àyè díẹ̀, kó ya òmíràn, kó wá ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ya èyí tí yóò wà láàárín. Ọmọ yẹn kò lè fi ọwọ́ kan aṣọ títí ìyá yóò fi ya ìkejì tán, torí pé ṣe ló ń wo ti ẹ̀yìn, tó ń wo ti iwájú, tó sì ń fi ojú díwọ̀n ohun tó yẹ kó wà láàárín wọn. Bí àmì méjèèjì bá súnmọ́ra, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ọmọ ló ya ti àárín. Bí wọ́n bá jìnnà síra, àbá lásán ni ọmọ náà ń dá, ojú aláṣọ á sì rí i. Bí frame generation ṣe rí gan-an nìyẹn: ìyá ni géèmù, ètò yìí sì ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.

Wàyí o, fírémù 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan túmọ̀ sí pé mílísẹ́kọ́ńdì 33.3 ló wà láàárín fírémù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kí ètò náà tó lè fi fírémù àárín hàn ọ́, ó gbọ́dọ̀ di fírémù tuntun tí géèmù ti ya tán mú ná, kó má tíì fi í hàn. Dídì-mú yẹn kì í sábà dín sí ìdajì àlàfo náà, ó sì lè tó odindi àlàfo kan. Lórí 30, o ti fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 17 sí 33 kún ìdádúró tó ti wà tẹ́lẹ̀ láàárín ìka rẹ àti skírìnì. Ká ní orí 60 lo wà kó o tó tan án, àlàfo jẹ́ 16.7, ohun tó kún un kò sì ní ju 8 sí 17 lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ kò ní fura sí.

Òfò kejì tún wà tí àwọn èèyàn kì í kà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ náà ń jẹun. GPU, ìyẹn apá kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán géèmù, òun kan náà ló tún ń dá fírémù àárín, GPU inú ẹ̀rọ àfọwọ́mú kò sì ní agbára tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ bíi ti kọ̀ǹpútà ńlá. Nọ́ńbà 54 tí o rí, 27 lọ́nà méjì ni. Ó túmọ̀ sí pé o ti sọ nǹkan bíi fírémù gidi 3 nù láti ra àwọn yòókù. Fírémù tí géèmù fúnra rẹ̀ ya nìkan ló máa ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ sọ. Èyí tí wọ́n dá sí àárín kò mọ̀ pé o tẹ bọ́tìnnì kankan. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ fi rí 54 tí ọwọ́ rẹ sì ń bá 27 tó tún pẹ́ dé lò.

AMD tó ṣe FSR 3 fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí géèmù ti wà ní 60 kí èèyàn tó tan án. Lórí ẹ̀rọ tiwa, ó ṣòro kí géèmù ńlá tó dé 60, nítorí náà tèmi ni pé kó má ṣe wà lábẹ́ 40 nínú géèmù tí èèyàn ń dá nìkan ṣe. Wá ọ̀nà dé 40 gidi ná, kí o tó tan nǹkan kan.

Ọmọ Ọbantókò:

Ẹ kú iṣẹ́ àlàyé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gba ibi tí ẹ parí rẹ̀ sí, torí pé wíwá 40 yẹn ni mo fi gbogbo ìsinmi tó kọjá ṣe.

Ẹ̀yin ará Asẹ̀rò, skírìnì Ally jẹ́ ínṣì 7, ó sì jẹ́ 1920 × 1080. Bí ẹ bá jẹ́ kí géèmù ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, àmì kéékèèké (pixel) 2,073,600 ló ń kùn fún fírémù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá lo apá FSR tó ń fẹ àwòrán, èyí tó yàtọ̀ sí frame generation, tí ẹ fi sí Quality, 1280 × 720 ló máa yà, ìyẹn 921,600, èyí tí kò tó ìdajì, lẹ́yìn náà ló máa wá fẹ̀ ẹ́ sí 1080. Lórí skírìnì tó kéré tó báyìí, èmi kò rí ìyàtọ̀ tó dùn mí, àfi lára irun orí àti wáyà orí òpó. Mo gbìyànjú Performance pẹ̀lú, tó máa ń ya 960 × 540, ewé igi sì ń dán yìnrìn-yìnrìn débi tí orí fi ń fọ́ mi. Mi ò ní bá yín dé ibẹ̀.

Nínú Cyberpunk fúnra rẹ̀, ètò kan wà tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún Steam Deck, kọ̀ǹpútà géèmù àfọwọ́mú ti Valve. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ally ni ẹ ní, kí ẹ rí i dájú pé ray tracing, ìyẹn ètò ìmọ́lẹ̀ tó wúwo gan-an, wà ní pípa pátápátá, kí ẹ sì dín iye èrò tó ń rìn ní ìgboro kù, nítorí pé CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń dà láàmú, kì í ṣe GPU, èèyàn lè dín àwòrán kù títí kí nọ́ńbà má sì kúrò lójú kan nítorí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe dán an wò nínú yàrá tí ẹ ti ń sùn nínú géèmù. Inú yàrá kò sọ òtítọ́. Ẹ lọ sí ọjà tí èrò pọ̀ sí jù, ní òru, nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wo nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí ẹ rí. Nọ́ńbà kékeré yẹn ni ẹ óò fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí ó bá ń lọ sókè-sódò láàárín 38 àti 55, kò ṣeé gbé frame generation lé, torí pé àlàfo tí ètò náà ń díwọ̀n kò dúró sójú kan, ìrìn rẹ̀ á sì máa ta gìrọ́gìrọ́. Fírémù 40 tó dúró ṣinṣin sàn ju 50 tó ń mì lọ.

Atúnẹ̀rọṣe Pánṣẹ́kẹ́:

Mo kí yín gbogbo. Àwọn oníbàárà máa ń gbé irú ẹ̀rọ yìí wá sọ́dọ̀ mi pé ó ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ètò tí wọ́n tàn láìmọ̀ ló ń dà wọ́n láàmú. Oríṣi mẹ́ta ni frame generation tí ẹ lè bá pàdé lórí Ally, wọn kò sì dọ́gba.

Ti inú géèmù, bíi FSR 3, ló dára jù. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló kọ́kọ́ jáde nínú géèmù. Géèmù fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún un ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń lọ àti bó ṣe ń yára tó, wọ́n sì lè yọ ọ̀rọ̀ orí skírìnì, máàpù àti àmì ìfojúsùn ìbọn sọ́tọ̀, kí wọ́n má bàa dàrú. Ẹ̀ẹ̀kejì ni AFMF, tó ń gbé nínú dráífà AMD, ìyẹn ètò tó ń darí GPU. Ó jáde ní gbangba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, AFMF 2 sì tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó lè bá géèmù tí kò ní FSR 3 ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n ti parí nìkan ló ń wò, kò mọ ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ igi. Ẹ wo ìlà ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú géèmù: bí kámẹ́rà bá ń yí kíákíá lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa rí i tí etí lẹ́tà ń yọ́ bí bọ́tà tí oòrùn bá. Fún skírìnì 1080p, AMD dámọ̀ràn pé kí ẹ ti ní fírémù 55, ó kéré tán, kí ẹ tó tan AFMF. Ní ti AFMF 2, ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń dín agbára tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ kù, nítorí irú GPU kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ tiwa. Ẹ yan ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Lossless Scaling, tí wọ́n ń tà lórí Steam, ìyẹn ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun náà ń wo àwòrán tí wọ́n ti parí ni, ṣùgbọ́n kò bìkítà bóyá AMD, Intel tàbí NVIDIA ni GPU yín. Ẹ gbọ́dọ̀ fi géèmù sí borderless, kí ó má ṣe gba gbogbo skírìnì tán ní ìlànà fullscreen àtijọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí nǹkan kan mú. Ó lè sọ fírémù kan di méjì, mẹ́ta, àní mẹ́rin. Mo bẹ yín, ẹ dúró sí méjì. Mo ti rí ẹni tó sọ 25 di 100, tó gbé e wá fi hàn mí tayọ̀tayọ̀, bí akọni inú géèmù náà ṣe ń rìn sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń di mẹ́ta mẹ́rin.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà orí skírìnì ló ń rí gbogbo fírémù. Fírémù tí AFMF dá kì í hàn nínú nọ́ńbà tí géèmù fúnra rẹ̀ ń kà; inú Adrenalin, ètò AMD tí a fi ń tò GPU, ni ẹ ti máa rí i. Láti ọdún 2025 ni nọ́ńbà ti Steam ti ń ya fírémù gidi sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n dá, fún ìyẹn ó wúlò gan-an láti mọ ìpìlẹ̀ yín.

Abiyamọ Ìbarà:

Ẹ kú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Steam Deck méjì ló wà nínú ilé wa, LCD tí àwọn ọmọ ń lò àti OLED tèmi, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ní Deck mọ̀ pé wọn kì í ṣe ohun kan náà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Skírìnì LCD kò ju 60 Hz lọ, ìyẹn ni pé ìgbà 60 péré ló lè yí àwòrán padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ní fírémù gidi 40, tí ẹ sọ ọ́ di 80, skírìnì náà kò ní ibi tí yóò fi 20 tó lé sí, ó di pé ẹ ń fi bátìrì ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ohun tó bá a mu ni kí ẹ sọ 30 di 60, a sì ti gbọ́ látẹnu bàbá wa Ìtòkú ohun tí 30 ń ṣe fún ọwọ́. Nítorí náà, lórí LCD, n kì í tan án rárá. Mo máa ń fi skírìnì náà sí 40 Hz, kí géèmù náà wà ní 40, ó sì tẹ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. OLED ló yàtọ̀. Ó lè lọ láti 45 dé 90 Hz, 45 lọ́nà méjì sì jẹ́ 90 géérégé, láìsí pé fírémù kan ṣófò tàbí pé òmíràn dúró pẹ́ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Mo ṣe Ghost of Tsushima báyìí, èyí tí FSR 3 wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń gẹṣin kọjá nínú pápá koríko funfun tó gùn, atẹ́gùn ń fẹ́ gbogbo rẹ̀ sí apá kan, àwòrán náà sì ń ṣàn bí omi Odò Ògùn nígbà tí kò sí òjò. Mo dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún pakuté kan, ó mú mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí ẹ bá fi bọ́tìnnì aláàmì mẹ́ta ṣí àpótí ètò Deck, tí ẹ ní kí fírémù má ju 45 lọ, lẹ́yìn náà tí ẹ tan FSR 3 frame generation nínú géèmù, gbogbo fírémù tó jáde ni Deck ń kà, àti gidi àti èyí tí wọ́n dá. 45 yẹn yóò wá di gidi 22 àti àtọwọ́dá 22, géèmù á sì wúwo bí ẹrù iyọ̀ tí òjò pa. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ti ń kú ni. Ẹ fi òté Deck sí 90, tàbí kí ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ sì wá ìdínwọ̀n fírémù nínú géèmù fúnra rẹ̀. Ní ti Lossless Scaling, ó ti ṣeé lò lórí Deck láti ọdún 2025 nípasẹ̀ àfikún kan nínú Decky, ètò tí a fi ń so àfikún mọ́ Deck, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti ra ètò náà lórí Steam kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ará Asẹ̀rò:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti padà dé pẹ̀lú ohun tí mo rí.

Mo ṣe gbogbo ohun tí ọmọ Ọbantókò sọ. Mo lo ètò Steam Deck, mo pa ray tracing, mo fi FSR sí Quality, mo sì dúró sínú ọjà lóru nínú òjò. Nígbà tí mo fi agbára ẹ̀rọ náà sí 15 wáàtì, nọ́ńbà tó kéré jù ni 37. Mo gbé e sí 25 wáàtì, ó di 46. Mo tan frame generation, nọ́ńbà fò dé 80, ìyẹn 40 lọ́nà méjì, mo sì mọ̀ báyìí ibi tí 6 tó kù wọlé sí. Mo wa ọkọ̀ jáde ní títì kan náà, mo tẹ stíkì sí ọ̀tún ní ibi kan náà. Ó yà! Kò yà bí ìgbà tí èèyàn wà ní 60 gidi, ṣùgbọ́n ó yà kí n tó dé ògiri.

Ìṣòro méjì ló kù. Èkíní, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú mi ń fi ìrù pupa sílẹ̀ bí ó bá ti yára, àwòrán ọkọ̀ náà á sì di méjì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì, bátìrì ń lọ bí ẹni pé ó ń jò.

Ọmọ Ọbantókò:

Ti bátìrì rọrùn láti ṣàlàyé. Bátìrì Ally àkọ́kọ́ jẹ́ 40 Wh (wáàtì-wákàtí). 25 wáàtì tí ẹ yàn, ti APU nìkan ni, ìyẹn CPU àti GPU tó wà pọ̀ lójú kan. Skírìnì, fáànù, Wi-Fi àti ìrántí ẹ̀rọ náà ń mu tiwọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 35 wáàtì, 40 pín sí 35 kò ju wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 15, tí gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ nǹkan bíi 25, ẹ ní wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 36. Kì í ṣe frame generation ló jẹ ẹ́, wáàtì ni.

Àmọ́ níbí gan-an ni mo ti fẹ́ràn ètò yìí jù fún àwa tí à ń gbé níbi tí iná kì í dúró. Nínú géèmù tí kò wúwo, tó lè dé 60 ní 15 wáàtì, mo máa ń dín in kù sí 45, kí n sọ wáàtì kalẹ̀ sí 11 tàbí 12, kí n wá tan frame generation kí ojú má bàa mọ̀ pé mo dín nǹkan kù. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní agogo mẹ́jọ, mo ṣì ń ṣeré nígbà tí àwọn ará ilé bá ń sùn. Ẹ má gbàgbé láti dín ìmọ́lẹ̀ skírìnì kù pẹ̀lú.

Atúnẹ̀rọṣe Pánṣẹ́kẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ooru kún un, torí pé òun ló ń gbé ẹ̀rọ wá sọ́dọ̀ mi jù. 25 wáàtì nínú yàrá tí kò sí fáànù ní oṣù kẹta, nígbà tí òkúta Olúmọ pàápàá ń mú ooru jáde lálẹ́, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 25 wáàtì ní ilẹ̀ òtútù. Bí APU bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín agbára kù, fírémù gidi yín á já bọ́ sí 33 láìsọ fún yín, frame generation á sì fi nọ́ńbà 66 bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ṣàdédé wúwo lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Òkè Ally ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń jáde, ẹ̀yìn ló ti ń fà á wọlé. Ẹ má ṣe gbé e lé orí ìrọ̀rí tàbí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá ń ṣájì rẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ fi stabilizer sí àárín, kí ẹ sì lo ṣájà 65 wáàtì gidi, kì í ṣe ti fóònù.

Àgbà Ìtòkú:

Mo fẹ́ kìlọ̀ lórí ohun kan kí a tó padà sí ìrù pupa yẹn. Àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tó ń ṣe géèmù ìjà àti géèmù ìbọn pẹ̀lú ẹlòmíràn, kí wọ́n má ṣe tan ètò yìí. Nínú géèmù ìjà, wọ́n ti so gbogbo ẹ̀ṣẹ́ àti ìdáàbòbò mọ́ 60, ẹni tó bá fi mílísẹ́kọ́ńdì 15 kún ọwọ́ ara rẹ̀ ti fún alátakò rẹ̀ ní àǹfààní lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdádúró nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa nìkan ti tó ẹrù rù.

Abiyamọ Ìbarà:

Bàbá, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì. Kì í ṣe gbogbo géèmù ló nílò 40 gidi tí ẹ fi lélẹ̀. Àwọn géèmù tí èèyàn fi ń kọ́ ìlú, tàbí èyí tí a ń ṣe ní àṣegbà, tí a lè gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ronú kí a tó tẹ bọ́tìnnì, 30 tí a sọ di 60 dára nínú wọn lórí OLED tèmi, kámẹ́rà ń rìn lórí ìlú náà láìta kọ́ọ́kọ́ọ́, ọwọ́ mi kò sì kánjú.

Àgbà Ìtòkú:

Òtítọ́ lẹ sọ, ìyá. Géèmù tí ọwọ́ ń sáré nínú rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Mo gba àtúnṣe yín.

Ọmọ Ọbantókò:

Elden Ring náà tún yàtọ̀. Àwọn tó ṣe é ti fi òté 60 sí i, kò sì ní frame generation nínú. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ yín bá lè gbé e dúró ní 60 tàbí súnmọ́ ọn, AFMF 2 tàbí Lossless Scaling ni ọ̀nà tó rọrùn láti rí ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí skírìnì 120 Hz ti Ally. Bí kò bá dé 50, ẹ fi í sílẹ̀, torí pé ẹni tí ẹ fẹ́ yẹra fún idà rẹ̀ kò ní dúró dè yín.

Atúnẹ̀rọṣe Pánṣẹ́kẹ́:

Ó ku ìrù pupa àti ọkọ̀ tó di méjì. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí ẹ kọ ọ́. FSR 3 nìkan kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fírémù gidi 40, torí pé géèmù ń sọ fún un ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Armoury Crate, ètò ASUS tí a fi ń tò Ally, kí ẹ wo bóyá AFMF wà ní títàn, kí ẹ sì wo inú Adrenalin pẹ̀lú. Bí ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún yín bá ti tàn án sílẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ ń wò nínú géèmù kò lè fi hàn yín. Ó túmọ̀ sí pé FSR 3 ń dá fírémù kan sí àárín, AFMF sì ń dá òmíràn sí àárín èyí tí FSR 3 dá, àbá lórí àbá, àwọn méjèèjì sì ń jẹ lára GPU kan ṣoṣo. A kì í tan méjì pọ̀ rárá. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì yan ti inú géèmù níbi tó bá ti wà.

Ará Asẹ̀rò:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. AFMF wà ní títàn nínú Adrenalin, ó sì ti ní láti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ yìí, nítorí pé èmi kò tíì ṣí ibẹ̀ rí. Mo ti pa á. Mo padà sí ọjà inú òjò yẹn lórí 15 wáàtì, kí frame generation kankan tó wà ní títàn, nọ́ńbà tó kéré jù sì jẹ́ 43, kì í ṣe 37 mọ́. Pẹ̀lú FSR 3, ó ń fi 76 hàn. Ọkọ̀ tó wà níwájú mi ní iná ẹ̀yìn méjì péré, wọ́n sì wà ní ibi tó yẹ kí wọ́n wà. Bátìrì ṣì jẹ́ ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35, mo sì ń padà lọ síbẹ̀ báyìí, kí wọ́n tó mú iná dé.